Ìsinmi Tí Wọ́n Fún Mi Létí Òkun

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi lónìí pé kí n lọ sinmi, ohun tí màá kọ́kọ́ bi í ni pé ta ló kú. Àwọn ọmọ mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn kì í bá mi dá irú ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ mọ́.

N kò kàwé lọ títí. Pírámárì ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, nítorí ìyá mi ń wá ẹni tó máa bá a gbé ọmọ. Ohun tí mo mọ̀ ni oúnjẹ sísè, aláìsàn títọ́jú, àti kí ènìyàn wo nǹkan dáadáa kó tó fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń jẹ mí lọ́kàn. Gbogbo rẹ̀ ṣojú mi. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń wò ó, mo sì ń dín ẹja.

Hor Al Anz, ní Dubai, ni èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ń gbé. Yàrá kan ni tiwa nínú fúláàtì náà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣe iṣẹ́ sìkiọ́rítì ló gba bedspace, àyè bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan, ní àwọn yàrá yòókù, èmi ni mo sì ń se oúnjẹ fún wọn, àti fún àwọn oníṣòwò tó ń ti Èkó wá ra ọjà ní Deira. Bàbá wọn fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ láti Sharjah lọ sí Dubai Investments Park. Nígbà tí wọ́n ní ó ti dàgbà jù fún bọ́ọ̀sì, ọmọ wa obìnrin, tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Silicon Oasis, fi wá sábẹ́ físà tirẹ̀. Àkọ́bí wa, ọkùnrin, kò wá sí ìlú yìí rí. Ìwó ló wà pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ó ń jó irin, ó ń ṣe géètì àti fèrèsé.

Òun ló ń ṣàìsàn. Ibà ni, wọ́n ní. Lẹ́yìn ibà, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ wú díẹ̀. Lẹ́yìn ẹsẹ̀ wíwú, wọ́n ní wọ́n ti gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ìbàdàn kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, kí n má mikàn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní mo fẹ́ lọ, bàbá wọn á ní kí n fara balẹ̀, kí dókítà kọ́kọ́ sọ ohun tó ń ṣe é. Ọmọ mi obìnrin á ní, "Màámi, bí ẹ bá sáré lọ, ẹ̀rù á ba Bọ̀dá, wọ́n á rò pé àìsàn náà ti le." Mo gbà. Nígbà tó yá, n kò gbà mọ́. Mo ní bí wọn ò bá ra tíkẹ́ẹ̀tì, màá rà á fúnra mi. Ni wọ́n bá rà á. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa gbéra. Mo ti di báàgì mi, mo ti gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń fẹ́ láyé nígbà yẹn ni kí n dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi, kí n gbé ọwọ́ lé iwájú orí rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọmọ mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ wọlé dé. Wọn ò pè kí wọ́n tó wá. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí mi, ó pẹ́ nílẹ̀ ju bó ṣe máa ń pẹ́ lọ.

"Màámi, ó ti rẹ̀ yín jù," ó ní. "Ẹ wo ojú yín."

"Bí ojú mi ṣe rí nìyí kí n tó bí ẹ."

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì yára gbé e mì. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ní káráfáànù kan, ilé kékeré tí wọ́n gbé ka orí táyà, tí jíìpù ń fà lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀dì wà níbẹ̀, gáàsì wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Ó ní kí èmi àti Dádì gbé e lọ sí etí òkun lọ́hùn-ún, ní Kalba àti Khor Fakkan, lẹ́yìn àwọn òkè, kí a lọ sinmi kí n tó rìnrìn àjò.

"Èmi? Kí n lọ gbé inú àpótí lẹ́bàá òkun? Ọmọ mi ni mo fẹ́ rí."

"Ẹ máa rí wọn, Mọ́mì. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa tọ́jú aláìsàn gbọ́dọ̀ lágbára. Ẹ ò tíì sùn dáadáa látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀."

Bàbá wọn dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ká ẹní ìrun rẹ̀, ó tú u, ó tún un ká. Ó ní, láì wò mí: "Jẹ́ ká lọ, Ìyá wọn. Èmi àti ìwọ ò lọ ibì kankan rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Òótọ́ ni. Látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, bí a bá jáde pọ̀, ìnáwó ni tàbí ọsibítù, tàbí pápá ọkọ̀ òfuurufú. Ọkùnrin yìí kò mú mi lọ ibì kan rí kí a kàn lọ wo nǹkan. Mo ti di ìyá àgbà tán, inú mi tún wá dùn bí ìyàwó tuntun. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n lọ ata.

Bí a ṣe ń jáde ni ọkọ ọmọ mi ní ojú fóònù mi ti fọ́ jù, kí n jẹ́ kí òun bá mi mú un lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe, kí n tó dé á ti dára. Mo fà á lé e lọ́wọ́. Mo tún dúpẹ́.

Ọ̀nà náà gùn. A kọjá Sharjah, a gba inú aginjù, a wọ àárín àwọn òkè tí kò ní ewéko kankan, a wọ inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú òkúta, a jáde, a tún wọ òmíràn. Bàbá wọn di ọwọ́ ọkọ̀ mú bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tan rédíò. Èmi ni mo ń sọ̀rọ̀. Mo ń sọ ohun tí màá sè fún ọmọ wa bí mo bá dé: àkàmù ní àárọ̀, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ púpọ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó wú. Mo bi í bóyá ó rò pé wọ́n á jẹ́ kí n sùn nínú yàrá tí wọ́n gbé e sí.

"Wọ́n á jẹ́," ó ní.

Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ìgbà tí a wà nínú ihò òkúta yẹn ni wọ́n ń gbé ọmọ mi jáde nílé ní Ìwó.

Afẹ́fẹ́ ló kọ́kọ́ kí wa ní Kalba. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ tó ń dáwọ́ dúró. Ó ń ti òkun bọ̀, ó ń gbé iyanrìn, ó ń gbá ara káráfáànù náà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Bàbá wọn mọ ọkọ̀, n kò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà kọjú sí afẹ́fẹ́. Ó yí i títí orí rẹ̀ fi wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ó wá òkúta, ó fi wọ́n há táyà.

"Ilé yìí fẹ́ fò," mo ní.

"Kò lè fò. Mo ti fi òkúta há a."

"Afẹ́fẹ́ tó ń ta ọkọ̀ ojú omi nù, òkúta yín lẹ fẹ́ fi bá a jà?"

Tẹ́lẹ̀, irú ọ̀rọ̀ báyẹn, á dá a padà fún mi ní ìlọ́po méjì. Á ní ara mi nìkan ti tó láti dá ọkọ̀ náà dúró. Lọ́jọ́ yẹn, ó kàn ní, "Òótọ́ lo sọ." Mo wò ó. Mo rò pé ojú ọ̀nà ló rẹ̀ ẹ́.

Mo ro ẹ̀bà. Afẹ́fẹ́ gba ojú ihò fèrèsé wọlé, ó da iyanrìn sí i. Èmi jẹ tèmi. Bàbá wọn gé òkèlè kan, ó kì í bọ ọbẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

"Iyanrìn ti wọ̀ ọ́," ó ní.

"Ìgbà wo ni iyanrìn dá ọ̀nà ọ̀fun yín dúró rí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ gaàrí oníyẹ̀pẹ̀ ní bárékè àwọn òṣìṣẹ́."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní iyanrìn náà ló fẹ́ sí òun lójú. Mo ní kó jókòó síta ẹnu ilẹ̀kùn. Mo fi omi inú ike fọ ojú náà fún un, mo la ìpéǹpéjú rẹ̀, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i bí a ṣe ń ṣe fún ọmọdé. Omi kò dẹ́kun láti máa jáde lójú rẹ̀. Mo ń sọ pé, "Ó máa jáde, ẹ má fọwọ́ ra á, ó máa jáde." Mo ń rẹ ọkùnrin náà lẹ́kún, n kò sì mọ ohun tó ń sunkún lé lórí.

Mo ní kó bá mi pe Ìbàdàn. Ó mú fóònù rẹ̀, ó rìn lọ sí etí omi, ó jìnnà gan-an. Mo ń wo ẹ̀wù rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bí àsíá. Nígbà tó padà, ó ní òun bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n dókítà ti ní kí aláìsàn má sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Ṣé ó jẹun?"

"Wọ́n ní ó jẹun díẹ̀."

"Kí ló jẹ?"

"Mi ò béèrè."

"Ẹ ò béèrè kẹ̀? Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè nìyẹn. Ẹ fún mi ní fóònù."

Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Mo wo apá ọ̀tún wa. Àwọn apẹja ará Kérálà jókòó sí abẹ́ ọkọ̀ ojú omi wọn tí wọ́n fà sórí iyanrìn, wọ́n ń fi fóònù wo fíìmù, orin fíìmù náà ń dún dé ọ̀dọ̀ wa. Mo rí i. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé fóònù tàwọn yẹn lè yàtọ̀ sí tiwa.

A kúrò ní Kalba, a tẹ̀ lé etí òkun lọ sí Khor Fakkan, a tún kọjá rẹ̀ díẹ̀, níbi tí òkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú omi. Ibi tí mo bá ní ká dúró, ó dúró. Ohun tí mo bá ní ká rà, ó rà. Mo ní iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbóná, ó ní kí n má bínú. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń fẹ́ ọkùnrin yìí, kò gbà fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo sì ń gbádùn rẹ̀. Èyí ló ń dùn mí jù. Ní ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ ṣí fìlà rẹ̀, ó ń yí i gbiri lórí iyanrìn, ó ń sá tẹ̀ lé e, bó bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mú un ni afẹ́fẹ́ á tún gbé e síwájú. Mo di ikùn mi mú, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Mo kígbe pé, "Yalla, Bàbá wọn! Yalla! Ẹ lé e bá!" Ọmọ mi ti wà nínú ilẹ̀. Èmi ń rẹ́rìn-ín lórí iyanrìn.

Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja kan níbi tí a gbé ọkọ̀ sí. Ẹja tútù, ojú rẹ̀ ṣì ń dán. Mo fi iyọ̀ àti ata pa á lára, mo gbé epo kaná. Láti ojú fèrèsé ibi ìdáná ni mo ti ń wo àwọn ọkùnrin náà tí wọ́n ń kírun Àsárì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi wọn, bàbá wọn wà láàárín wọn. Wọ́n kírun tán, wọ́n sálámà. Mo da ẹja sínú epo.

Bí mo ṣe gbójú sókè, wọ́n tún ti dìde.

Bàbá wọn ló wà níwájú báyìí, àwọn apẹja tò sẹ́yìn rẹ̀. Mo ní bóyá wọ́n ṣàṣìṣe nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n fẹ́ tún un kí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó kábárà, "Allahu Akbar." Afẹ́fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ń retí kó tẹ̀ ba. Kò tẹ̀ ba. Ó tún kábárà, lórí ìdúró. Ó tún kábárà lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó fi iwájú orí kanlẹ̀. Wọ́n sálámà lórí ìdúró, ó parí. Ọ̀kan nínú wọn, àgbàlagbà, fà á mọ́ra, ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ìrun tí kò ní rúkúù, ìyẹn títẹ̀ ba, tí kò ní ìforíkanlẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló wà. Ẹnikẹ́ni kò nílò ìwé kó tó mọ èyí. Mo ti wo irú rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé àwọn bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Òkú là ń kí i sí lára.

Mo pa gáàsì. Mo gbé páànù kúrò lórí iná kí ó má baà dà bí afẹ́fẹ́ bá mi ọkọ̀. Mo wọ bàtà mi, mo sọ̀ kalẹ̀. Àwọn apẹja ń padà bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí wọ́n rí mi, wọ́n wo ilẹ̀. Àgbàlagbà yẹn gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Mama, sabr. Sabr, Mama." Ó ní kí n ṣe sùúrù; ó rò pé mo mọ̀. Ẹni tí n kò mọ̀ rí, tí òórùn ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ kí mi kú àfẹ́kù ọmọ mi.

Bàbá wọn ṣì dúró síbẹ̀.

"Ta lẹ kírun sí lára?"

"Ìyá wọn, jẹ́ ká wọlé. Afẹ́fẹ́ yìí…"

"Ẹ fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Ta ni?"

Ó wo òkun. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Àkọ́bí wa."

"Ìgbà wo?"

"Ìdájí ọjọ́ tí a gbéra."

"Wọ́n ti sin ín?"

"Wọ́n ti sin ín."

N kò subú. N kò ké. Àwọn ènìyàn máa ń rò pé ẹni tí kò ké kò gbọ́. Mo gbọ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń padà sẹ́yìn nínú orí mi, mo ń kó gbogbo nǹkan jọ: fóònù, ẹ̀bà, ojú tó pọ́n, ọkọ̀ tó ń dúró níbi tí mo bá ti ní kó dúró.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń yára. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló pè láti Ìwó, ó ní kí wọ́n mú mi kúrò ní Hor Al Anz kíákíá, nítorí àwọn ará Ìwó pọ̀ níbẹ̀, ẹnì kan á kàn wọlé, á ní "ẹ kú ìrọ́jú", ìyá á gbọ́ òfọ̀ ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà bálùwẹ̀. Ó ní bí a bá dé ni àwọn àgbà àti ààfáà máa wá, wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á tú u fún mi bó ṣe yẹ. "A kì í là á mọ́ ìyá lójú, Ìyá wọn. Ìwọ náà mọ̀. Obìnrin tó gbé yàrá kejì sí wa nígbà kan, nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ta ló ní ká jẹ́ kó jẹun tán ná? Ṣé kì í ṣe ìwọ?"

"Abọ́ oúnjẹ kan ni mo ní kó jẹ. Ẹ̀yin gbé mi kọjá òkè."

"Mo rò pé mo lè gbé e fún àwa méjèèjì."

"Ta ló rán yín?"

Ìgbà yẹn ló wá bú sẹ́kún. Ó jókòó sórí iyanrìn, ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti funfun, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dúró tì í. Aṣọ ara mi ń gbá a lójú nínú afẹ́fẹ́, n kò fà á padà, n kò sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé gbogbo ìgbà tí a wà létí omi yìí ni ọkùnrin yìí ti ní òkú ọmọ wa lọ́wọ́, tó ń dá a ṣọ̀fọ̀, tó ń dá a rántí. Ó wá àwọn tí yóò tò sẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n bá a kírun sí i lára. Àwọn tí kò gbọ́ ohùn ọmọ wa rí dúró fún un. Èmi tí mo bí i, ẹja ni mo ń dín.

Mo ní kó so ọkọ̀ mọ́ jíìpù, kí a máa lọ. Ó nu ojú, ó ní afẹ́fẹ́ ti le jù, bí a bá wọ ojú ọ̀nà òkè báyìí, ó lè dojú ilé náà dé, kó fa jíìpù lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Nítorí náà, a padà sínú àpótí yẹn, a jókòó, òun lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi lórí àga. Ọkọ̀ náà ń mì. Ẹja tutù sínú epo. Kò sí ibi tí ènìyàn lè lọ nínú ilé tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá mí, mo ń gbọ́ ọ. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí afẹ́fẹ́ fi rọlẹ̀. Kí a tó gbéra, mo gbá iyanrìn inú ọkọ̀ náà jáde, mo fọ páànù, mo nu gáàsì. Nǹkan olóhun ni.

Silicon Oasis ni mo ní kó gbé mi lọ. Ọkọ ọmọ mi ló ṣílẹ̀kùn, ṣòkòtò pénpé ló wọ̀. Wọn ò tíì retí wa. Ó wo ojú mi, ó wo ti bàbá wọn, ó sún sẹ́yìn. Ọmọ mi jáde láti yàrá, ó ní, "Màámi, ṣé ẹ ti…" kò lè parí rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀ sí mi lẹ́sẹ̀.

Mo ní, "Dìde. Fóònù mi ńkọ́? Ṣé wọ́n ti tún un ṣe?"

Inú dúrọ́ọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti mú un jáde. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ojú rẹ̀ ṣì fọ́ bó ṣe wà.

Wọ́n ti bẹ àwọn àgbà tẹ́lẹ̀, nítorí náà, wọ́n wá lọ́jọ́ kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti mọ̀. Wọ́n jókòó yí mi ká. Ọ̀kan ní ayé ọjà ni, ọ̀kan ní kò sí ẹni tí kò ní lọ. Ààfáà ṣe wáàsí. Bàbá kan tó dàgbà jù wọ́n lọ ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Omi ló dànù, agbè kò fọ́."

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Ọmọ tó ti ń fá irùngbọ̀n funfun kì í ṣe omi."

Mo ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún wọn. Wọ́n jẹun.

Mo fi tíkẹ́ẹ̀tì mi lọ sílé. Ìwó ni mo lọ, n kò ní nǹkan ṣe ní Ìbàdàn mọ́. Ìyàwó ọmọ mi wà nínú opó, ó ti gbẹ. Mo bi í ohun tí ọkọ rẹ̀ jẹ kẹ́yìn. Ó ní àkàmù ṣíbí méjì. Mo bi í bóyá ó sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ ń yẹra fún mi. Mo ní, "Ìyàwó mi, má ṣe bí wọ́n ṣe ṣe. Sọ ọ́." Ó wá sọ ọ́. Ó ní gbogbo ìgbà ló ń béèrè mi. Nígbà tó ń béèrè jù, wọ́n ní kó fọkàn balẹ̀, mo ti wà nínú ọkọ̀ òfuurufú, mo ń bọ̀. Ló bá ní kí wọ́n gbé òun jókòó, kí wọ́n fi ìrọ̀rí ti òun lẹ́yìn, kí n má baà bá òun ní ìdùbúlẹ̀. Orí ìjókòó yẹn ló wà títí.

Wọ́n purọ́ fún mi pé ó ń jẹun. Wọ́n purọ́ fún un pé mo ń bọ̀. Bí a ṣe jọ dúró de ara wa nìyẹn, èmi lẹ́bàá báàgì, òun lórí ìrọ̀rí.

Mo ní kí wọ́n mú mi lọ sí ibi tí wọ́n sin ín sí. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ní rárá, èèwọ̀ ni, òbí kì í fi ojú kan sàréè ọmọ. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, n kò lè sọ pé kò fẹ́ràn mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbà, èèwọ̀ ni kí n rí sàréè. Ojú rẹ̀ nígbà tó wà láàyè ńkọ́? Èèwọ̀ ta nìyẹn?" Ó tẹrí ba. Kò sì jẹ́ kí n lọ náà.

Mo ti padà sí Hor Al Anz. Ibo ni ǹ bá lọ? Ibẹ̀ ni ìkòkò mi wà. Àwọn ọmọ sìkiọ́rítì ń jẹun, àwọn oníṣòwò ń wá, wọ́n ń ní, "Màámi, ata ti òní pọ̀ o," mo ń dá wọn lóhùn. Bàbá wọn ti wá di ẹni tó ń sọ gbogbo nǹkan fún mi. "Ìyá wọn, àlùbọ́sà ti tán." "Ìyá wọn, omi ń jò ní bálùwẹ̀." "Ìyá wọn, ẹnì kan pè mí báyìí, ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè ni." Kò sí ohun tó kéré jù. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, ó ń na án sí mi kó tó wò ó. Mo ń ní, "Mo gbọ́." Èmi náà kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láìpẹ́ yìí, ó wá bá mi ní ibi ìdáná. Mo ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún ọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe pè, ohun tó sọ. Gbogbo rẹ̀ wà nínú mi, n kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ ká jọ sunkún ọmọ yìí, Ìyá wọn."

"Ẹ ti rí ẹni bá yín sun ún."

"Jọ̀ọ́."

Mo da ìrẹsì sínú omi, mo fọ̀ ọ́. Mo ní kó bá mi gbé ìkòkò ńlá ka gáàsì, ọwọ́ mi kò gbé e mọ́. Ó gbé e kà á. Ó dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ó wọ yàrá lọ, ó sì fa ilẹ̀kùn dé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibẹ̀, ó ń rọra ké, kí àwọn ọmọ yàrá yòókù má baà gbọ́.

N kò lọ bá a.